Kí ló dé tí a fi ń sá fún àpúdéètì búráúsà, kí la sì lè ṣe sí i? Ẹ mú ìmọ̀ wá

Alákòóso_Yàrá
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tó yẹ ká jùmọ̀ gbé yẹ̀ wò. Búráúsà ni áàpù tí a fi ń ṣí ìkànnì, bíi Chrome àti Firefox; àpúdéètì ni ẹ̀dà tuntun rẹ̀ tó ń tún àṣìṣe àti ihò ààbò ṣe. Bí ẹ bá wọ káfé àdúgbò, ọ́fíìsì ìjọ tàbí yàrá kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́, kò ní pẹ́ kí ẹ tó rí ẹ̀rọ tó ṣì ń lo Windows 7 pẹ̀lú Chrome 109, ẹ̀dà tó jáde ní oṣù kìíní ọdún 2023. Fóònù náà ńkọ́? Búráúsà tó bá a jáde nínú páálí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń lò títí di òní.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká bú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń sá fún àpúdéètì ní ohun tó ń lé e. Ohun tó yẹ ká mọ̀ ni: kí ni nǹkan náà gan-an, kí sì ni èèyàn lè ṣe sí i pẹ̀lú dátà díẹ̀ àti iná tí kò dúró lójú kan? Ẹ sọ ìgbésẹ̀, ẹ sọ ibi tí a ó tẹ̀, ẹ sọ iye.

Oníkáfé_Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́, alákòóso. Dátà ni olórí ìdí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléeṣẹ́ tẹlifóònù, fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún owó wọn, ó sì lè tó 50%. Láti ìgbà náà, ojú owó ni gbogbo èèyàn fi ń wo MB kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ àpúdéètì tí a bá ń ṣe déédéé kì í wúwo. Chrome àti Firefox kì í gbé odindi ara wọn wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìwọ̀nba ohun tó yí padà láàárín ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín àti èyí tuntun ni wọ́n ń gbé wá. Bí ẹ bá wá fi í sílẹ̀ di oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, kò ní sí àfikún kékeré tó bá ẹ̀dà yín mu mọ́. Odindi ni yóò wọlé, ti Chrome lórí Windows sì lé ní 100 MB. Ìdádúró yẹn gan-an ló ń sọ dátà di púpọ̀.

Níbi tí kọ̀ǹpútà bá ti ju mẹ́ta lọ, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá lọ gbé tirẹ̀. Ẹ lọ sí ìkànnì Google fúnra rẹ̀, kí ẹ wá Chrome offline installer. Ti Firefox wà ní mozilla.org, níbi tí wọ́n to ẹ̀dà fún gbogbo èdè àti gbogbo ẹ̀rọ sí. Ẹ daunlóòdù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ kó o sórí fláàṣì, kí ẹ sì máa gbé e láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ wo Settings, System, About, bóyá 32-bit ni ẹ̀rọ náà tàbí 64-bit, torí fáìlì 64-bit kò ní ṣiṣẹ́ lórí 32-bit. Bookmark àti páásìwọọ̀dù tó wà nílẹ̀ kò ní kúrò níbẹ̀. Ẹ má kọ́kọ́ yọ Chrome àtijọ́ o, orí rẹ̀ ni kí ẹ fi tuntun lé.

Ti Windows fúnra rẹ̀, ẹ tan Delivery Optimization. Lórí Windows 11, ó wà ní Settings, Windows Update, Advanced options. Ẹ yan àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọọ̀kì yín nìkan, ẹ má yan ti gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, kí dátà yín má baà máa bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Bí ẹ̀rọ kan bá ti gbé àpúdéètì náà wá, àwọn yòókù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ilé. Láìṣe èyí, ẹ̀rọ mẹ́wàá á gbé ohun kan náà nígbà mẹ́wàá.

Fún fóònù: Play Store, ẹ tẹ àwòrán ojú yín lókè, Settings, Network preferences, Auto-update apps, kí ẹ yan Wi-Fi nìkan. Ẹni tí kò ní Wi-Fi lè dá a dúró pátápátá, kó wá máa lọ sórí Chrome nìkan ní alẹ́ tí dátà òru bá wà, kó tẹ Update. Áàpù kan péré kì í jẹ dátà púpọ̀. Ogójì áàpù tó ń ṣe àpúdéètì lẹ́ẹ̀kan náà ló ń gbé dátà mì.

Olùtúnṣe_Ìkẹjà
Òótọ́ ni oníkáfé sọ. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rù kún un, torí àwọn tó ń sọ pé "ẹ má fọwọ́ kan àpúdéètì lórí ẹ̀rọ mi o" kò purọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, Microsoft gbé Windows 10 ẹ̀dà 1809 jáde, ó pa fáìlì àwọn kan rẹ́, wọ́n sì dá a dúró láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2021, àpúdéètì Android System WebView (ohun tí áàpù fi ń ṣí ojú ìwé nínú ara rẹ̀) mú kí áàpù máa pa ara wọn lórí fóònù káàkiri ayé títí Google fi gbé àtúnṣe jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé iOS ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù. Ta ló máa gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní ṣọ́ra?

Ibi tí nǹkan ti dàrú ni pé a di gbogbo àpúdéètì mọ́ ara wọn. 1809 àti iOS, odindi ẹ̀rọ ni wọ́n ń yí padà. Àpúdéètì búráúsà kì í dé inú Documents yín, kò mọ ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà. Chrome máa ń kó ẹ̀dà tuntun sínú fódà tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ìgbà tí ẹ bá pa á tí ẹ tún ṣí i ló ń yí sí tuntun. Ìdí nìyẹn tí iná fi lè lọ láàárín rẹ̀ tí ẹ̀rọ kò ní bàjẹ́. Àpúdéètì ńlá ti Windows kò rí bẹ́ẹ̀: bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ fáìlì tirẹ̀, ẹ̀rọ lè má dìde mọ́. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kò bá tó ààbọ̀, tàbí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí kò ní UPS tàbí ìnfátà, ẹ má bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí wọn.

Torí náà, ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀. Windows lè dúró díẹ̀: Settings, Windows Update, Pause updates, ó gbà yín láàyè títí di ọjọ́ 35. Ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kọjá lórí ẹ̀dà ńlá, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn mìíràn ń sọ, ẹ ṣe ẹ̀dà Documents sórí fláàṣì, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Búráúsà kò yẹ kó dúró rárá. Bí agbára yín bá mọ sí àpúdéètì kan ṣoṣo lóṣù, ti búráúsà ni kó jẹ́.

Ará_Peckham
Mo kí gbogbo yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Olùtúnṣe ti sọ ibi tó ṣe kókó jù. Mo fẹ́ sọ ìdí tí "kò yẹ kó dúró" kì í fi í ṣe àsọdùn.

Nígbà tí àtúnṣe bá jáde, kì í ṣe àwa nìkan ló ń rí i. Àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì á gbé ẹ̀dà àtijọ́ àti tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n á wo ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì mọ ibi tí ihò wà. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀dà àtijọ́ ti di ilé tí gbogbo ọjà mọ fèrèsé tí kò tì. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2017, Microsoft gbé àtúnṣe MS17-010 jáde. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì WannaCry gba ihò kan náà wọlé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù méjì gbáko tí oògùn ti wà nílẹ̀. Nínú NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣe nọ́ọ̀sì àti dókítà kò níye, 80 nínú 236 ẹgbẹ́ ilé ìwòsàn tó wà ní England ni ó dà láàmú. Wọ́n dá aláìsàn padà sílé, wọ́n sún iṣẹ́ abẹ síwájú. Ẹ̀rọ tí kò tíì gba àtúnṣe, tàbí tí kò ní alátìlẹ́yìn mọ́, ló wọ̀.

Windows nìyẹn. Ti búráúsà tún sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Apple àti Citizen Lab, àwọn olùwádìí ààbò orí íntánẹ́ẹ̀tì, fi ihò kan tó Google létí nínú libwebp, ìyẹn sọ́fítíwíà kékeré tó ń ṣí àwòrán WebP. Àwòrán lásán ni o! Kí ojú ìwé kan ṣáà gbé àwòrán burúkú hàn yín ti tó, ẹ ò ní láti tẹ ohunkóhun. Chrome, Firefox, Edge, gbogbo wọn ló ní in nínú. Àtúnṣe Chrome jáde ní ọjọ́ 11 oṣù náà. Ẹ wo Chrome 109 tí alákòóso dárúkọ, tó ti wà láti oṣù kìíní ọdún yẹn: fún ẹni tó bá wà lórí Windows 7, kò sí ẹ̀dà tó ga jù ú lọ.

Ìdí tí èèyàn kì í fi bìkítà ni pé búráúsà tó gbó kì í dún bí ìlẹ̀kùn tó ń ya. Ó ń ṣí Facebook, ó ń ṣí bánkì, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Owó àpúdéètì hàn lónìí. Ohun tó dáàbò bò ni a kì í rí.

Olùkọ́_Kọ̀ǹpútà
Ẹ ṣeun, Ará_Peckham. Kí olúkúlùkù lè mọ ibi tó wà, ẹ wo nọ́ńbà yín. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ chrome://settings/help sí ibi àdírẹ́sì. Bí àpúdéètì bá wà, fúnra rẹ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e wá. Firefox: Help, About Firefox. Lórí Android, ẹ wo Settings, About phone, Android version, nítorí Android ló ń pinnu Chrome tó ga jù tí ẹ lè ní.

Windows XP àti Vista parí sí Chrome 49, ti Firefox sì jẹ́ 52 ESR (ESR ni ẹ̀dà Firefox tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ ń pẹ́ ju ti gbogbo gbòò lọ). Windows 7, 8 àti 8.1 parí sí Chrome 109. Ṣùgbọ́n Firefox 115 ESR wà fún wọn, Mozilla sì ti sún ọjọ́ ìparí rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹni tí kò bá lè kúrò lórí Windows 7 lónìí, kó fi 115 ESR rọ́pò Chrome 109 kílẹ̀ tó ṣú, kó sì máa wò ó bóyá àtúnṣe ṣì ń wọlé.

Ti Android: Android 5 parí sí Chrome 95, Android 6 sí 106, Android 7 sí 119, Android 8 àti 9 sí 138. Láti 139 lọ, Android 10 ló ń béèrè.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun kan níbí. Tecno tàbí itel tó wà lórí Android 11 lè má rí Android 12 títí ayé, síbẹ̀ Chrome rẹ̀ ṣì ń gba tuntun láti Play Store. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé "fóònù mi ò ní àpúdéètì mọ́", wọ́n á sì gbàgbé Chrome. Ẹ ṣe Chrome, ẹ ṣe Android System WebView náà, torí WebView ni áàpù ń lò nígbà tó bá ń ṣí ojú ìwé nínú ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú ìmọ̀ràn o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà kan wà nílé ẹ̀kọ́, gbogbo ìkànnì tí a bá ṣí ló ń sọ pé "Your connection is not private." A ti fi Chrome tuntun lé e, kò yí padà. Ṣé búráúsà ni àbí nẹ́tíwọọ̀kì?

Olùtúnṣe_Ìkẹjà
Àbúrò, wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Ọjọ́ wo ló ń sọ? Bí àṣìṣe náà bá ní NET::ERR_CERT_DATE_INVALID nínú, aago ló ṣì. Gbogbo ìkànnì tó ní ààbò ló ní ìwé ẹ̀rí tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ ìparí; bí kọ̀ǹpútà bá rò pé ọdún 2012 la wà, á ní ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bátìrì kékeré inú bọ́ọ̀dù ló kú, CR2032, 3V. Kò wọ́n. Yọ wáyà iná, tẹ bọ́tìnnì ìtanná fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán, ṣí àpótí, fi ìka ti irin kékeré tó dì í mú sẹ́gbẹ̀ẹ́, bátìrì á fò sókè. Fi tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + kọjú sókè. Tan án, tẹ F2 tàbí Del, tún ọjọ́ àti aago ṣe, F10 láti fi pamọ́. Nínú Windows, tan Set time automatically, kí àgbègbè aago sì jẹ́ West Central Africa.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa tẹ Advanced kó sì máa wọlé tipátipá. Àwọn ọmọ á sọ ọ́ di àṣà, lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ náà bá jẹ́ òótọ́, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọjá.

Olùkọ́_Kọ̀ǹpútà
Àfikún: bó bá jẹ́ àwọn ìkànnì kan péré ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ lórí fóònù àtijọ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ń gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ Let's Encrypt, àjọ tó ń fún ìkànnì ní ìwé ẹ̀rí lọ́fẹ̀ẹ́. Gbòǹgbò àtijọ́ tí wọ́n fi ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ (ìwé ẹ̀rí ìpìlẹ̀ tí fóònù fi ń gba àwọn yòókù gbọ́), DST Root CA X3, parí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Android tí kò tó 7.1.1 kò mọ gbòǹgbò tuntun, ISRG Root X1. Wọ́n wá ọgbọ́n dá a fún ọdún mẹ́ta sí i, ìyẹn náà ti tán ní ọdún 2024. Firefox máa ń gbé àkójọ gbòǹgbò tirẹ̀ rìn, kò gbára lé ti fóònù, ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣí ohun tí Chrome kọ̀ lórí irú fóònù bẹ́ẹ̀.

Àpúdéètì tún ní ọjọ́ tó ń pọn dandan. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2025, ìwé ẹ̀rí kan tó wà nínú Firefox parí. Ẹni tó wà lórí ẹ̀dà tí kò tó 128, tàbí 115.13 fún ESR, lè rí i pé àwọn add-on rẹ̀, ìyẹn àfikún kékeré tó fi sínú búráúsà, dákẹ́. Àìṣe nǹkan kan kò dá ẹ̀rọ dúró bó ṣe wà.

Akọ̀wé_Àgbà
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ìdí kan wà tí ẹ kò tíì mẹ́nu kàn: iṣẹ́. Àwọn ìkànnì ọ́fíìsì kan wà tí wọ́n kọ fún Internet Explorer, tí kò ṣí lórí òmíràn. Àṣẹ ọ̀gá ni, kì í ṣe agídí akọ̀wé. Bí wọ́n bá yọ ọ́, owó oṣù ò ní jáde.

Ará_Peckham
Ẹ kú àmójútó, mọ̀mí. Orílẹ̀-èdè odindi ti bọ́ sínú èyí rí. Ní Gúúsù Kòríà, òfin ọdún 1999 lórí ìbuwọ́lùwé orí kọ̀ǹpútà àti ààbò SEED tí wọ́n ṣe fúnra wọn sọ ọ́ di pé èèyàn ní láti fi ActiveX, àfikún sọ́fítíwíà ti Microsoft, sórí ẹ̀rọ kó tó lè bá bánkì ṣe, Internet Explorer nìkan ló sì gba ActiveX. Ó di oṣù kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó fagi lé ìwé ẹ̀rí ìbuwọ́lùwé tí òfin náà sọ di dandan. Ogún ọdún gbáko ni ìlú tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yára bẹ́ẹ̀ fi so mọ́ búráúsà kan.

Microsoft pa Internet Explorer 11 tì ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2022, ṣùgbọ́n ó fi ara rẹ̀ pamọ́ sínú Edge, wọ́n sì ṣèlérí rẹ̀ títí di ọdún 2029 ó kéré tán. Ẹ ṣí Edge, Settings, Default browser. Níbi tó ti sọ̀rọ̀ Internet Explorer mode, ẹ yan Allow, ẹ tẹ Restart. Ẹ wá fi àdírẹ́sì ìkànnì ọ́fíìsì yẹn kún àkójọ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ 30 ló ń lò, lẹ́yìn náà ẹ tún un fi sí i; ẹ kọ ọjọ́ náà sára kàlẹ́ńdà, torí ọjọ́ tó bá parí ni wọ́n á máa pariwo pé ìkànnì ti bàjẹ́. Ìkànnì kan yẹn nìkan ni kí ẹ lò ó fún. Ìmeèlì, bánkì, Google, ojú Edge gan-an ni kí ẹ fi ṣí wọn.

Ọ̀dọ́_Ògbómọ̀ṣọ́
Aago ni lóòótọ́! Ọdún 2009 ló ń sọ. Ẹ ṣeun gan-an, ọ̀gá. Opera Mini ńkọ́? Òun làwọn èèyàn fẹ́ràn jù níbí.

Oníkáfé_Bódìjà
Opera Mini dára fún dátà, kí a sọ òótọ́. Bí ẹ bá fi sí extreme, sáfà Opera ló ń ṣí ìkànnì náà, ó ń fún un pọ̀, ó wá ń fi èyí tó kéré ránṣẹ́ sí fóònù. Ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù kékeré nìyẹn. Àmọ́ ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àárín ọ̀nà ni wọ́n ti ń tú ohun tí ìkànnì fi pamọ́, ìsopọ̀ tó wà láàárín yín àti bánkì kì í ṣe tààrà mọ́. Ìròyìn, eré bọ́ọ̀lù, ẹ máa lò ó. Páásìwọọ̀dù àti nọ́ńbà káàdì, ẹ má tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ ní extreme. Ẹ sì ṣe àpúdéètì òun náà.

Olùtúnṣe_Ìkẹjà
Ẹ jẹ́ ká sọ ti àwọn gbájúẹ̀, torí wọ́n wà lára ohun tó ń dẹ́rù bani. Ojú ìwé kan á ṣàdédé sọ pé "búráúsà rẹ ti gbó, tẹ ibí." Irọ́ ni. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní SocGholish ti ń gba irú ojú ìwé yìí wọ ẹ̀rọ àwọn èèyàn fún ọdún púpọ̀. Àpúdéètì gidi kì í ti inú ìkànnì wá. Ó ń wá láti inú búráúsà fúnra rẹ̀, níbi àmì tóótòòtó mẹ́ta lókè lápá ọ̀tún: àwọ̀ ewé tútù bí kò bá tíì pé ọjọ́ méjì, àwọ̀ ọsàn ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin, pupa bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ kan. Bí ẹ bá rí i, ẹ tẹ Relaunch. Àwọn táàbù yín á padà, àyàfi ti Incognito. Ẹni tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kó kọ ọ́ tán kó fi ránṣẹ́ ná, torí ohun tó ti tẹ̀ síbẹ̀ lè lọ.

Ti APK, ìyẹn fáìlì áàpù Android, tí a ń fi Xender tàbí WhatsApp pín fún ara wa: Android máa ń yẹ ìbuwọ́lùwé tó wà nínú APK wò. Bí kò bá bá ti áàpù tó wà lórí fóònù mu, á kọ̀, á ní "App not installed." Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà, torí ẹnì kan á sọ pé "yọ èyí tó wà níbẹ̀ kúrò ná, kó o tún gbìyànjú." Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti mú ẹ̀ṣọ́ kúrò lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn. Bó bá kọ̀, ẹ pa APK yẹn rẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bẹ̀rù pé Windows yín kì í ṣe ojúlówó, pé àpúdéètì á tú u fó: Windows 10 àti 11 tí a kò tíì mú ṣiṣẹ́ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ṣì ń gba àtúnṣe ààbò. Ohun tó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń fọ́ ọ, torí inú rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì ń gbà wọlé.

Bí ẹ bá ra ẹ̀rọ tokunbo tí Chrome rẹ̀ ń sọ pé "An error occurred while checking for updates", ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tà á ti pa àpúdéètì rẹ̀. Ẹ tẹ Windows àti R pa pọ̀, ẹ kọ services.msc, ẹ wá àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Google Update àti Windows Update. Bó bá jẹ́ Disabled, ẹ yí ti Google sí Automatic, ti Windows sí Manual. Bí Chrome bá ń sọ pé iléeṣẹ́ kan ló ń darí òun nígbà tó jẹ́ tiyín ni, ẹ ṣí chrome://policy kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Olùkọ́_Kọ̀ǹpútà
Àwọn àgbà ńkọ́? Dátà kọ́ ni tiwọn. Wọ́n ti mọ ibi tí bọ́tìnnì wà, àpúdéètì wá gbé e kúrò. Ìyà ni lóòótọ́, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ fi búráúsà sí àpúdéètì aládàáṣe, kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ìyípadà kékeré lóòrèkóòrè rọrùn fún ojú ju ti ọdún mẹ́ta tó dé lọ́jọ́ kan. Ẹ gbé àmì ìkànnì mẹ́rin tàbí márùn-ún tí wọ́n ń lò sójú fóònù gan-an, kí wọ́n má baà ní láti wá inú mẹ́nù.

"Páásìwọọ̀dù mi á lọ" náà wà lára ẹ̀rù wọn. Àpúdéètì kì í kó o lọ. Ohun tó ń kó o lọ ni kí wọ́n yọ Chrome kúrò, kí wọ́n sì fàmì sí àpótí "Also delete your browsing data." Ẹ má fàmì síbẹ̀. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ lọ sí Bookmark manager, ẹ yan Export bookmarks, fáìlì HTML kékeré kan ni, ẹ kó o sórí fláàṣì.

Alákòóso_Yàrá
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù: àwọn láptọ́ọ̀pù tokunbo tó wà lórí Windows 10, tí Windows 11 kọ̀ wọ́n. Kí ni ká ṣe sí wọn?

Olùtúnṣe_Ìkẹjà
Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ), RAM 4 GB, àyè 64 GB, àti Intel ìran kẹjọ sókè, yàtọ̀ sí díẹ̀. Core i5-6300U tó kún ọjà kò lè wọ̀ ọ́. Àtìlẹ́yìn Windows 10 parí ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, àmọ́ ESU, ìyẹn àfikún àtúnṣe ààbò, wà títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Ẹ lọ sí Settings, Update & Security, Windows Update; bí ẹ̀rọ bá wà lórí Windows 10 ẹ̀dà 22H2, ẹ ó rí Enroll. Dọ́là 30 ni, tàbí ọ̀fẹ́ bí ẹ bá tan Windows Backup pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft. Ìforúkọsílẹ̀ kan gba ẹ̀rọ tó tó mẹ́wàá. Microsoft sì ti sọ pé Edge á máa gba tuntun lórí Windows 10 títí di oṣù kẹwàá ọdún 2028 ó kéré tán, torí náà búráúsà yín lè wà láàyè ju Windows fúnra rẹ̀ lọ.

Oníkáfé_Bódìjà
Èyí tí kò bá ní iṣẹ́ ju íntánẹ́ẹ̀tì àti kíkọ lẹ́tà lọ, Linux Mint Xfce, ètò ọ̀fẹ́ tó ń rọ́pò Windows, á gbé e: RAM 2 GB ló kéré jù, 4 GB ló rọrùn, àyè 20 GB. Ẹ fi Rufus, sọ́fítíwíà tó ń sọ fláàṣì di ohun tí ẹ̀rọ lè tàn láti orí rẹ̀, kọ ọ́ sórí fláàṣì 8 GB, ẹ tan láptọ́ọ̀pù láti orí rẹ̀ láìfi nǹkan kan sínú ẹ̀rọ. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi rí nẹ́tíwọọ̀kì, ẹ tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, ẹ gbọ́ bóyá ohùn ń jáde. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣiṣẹ́, ẹ kó fáìlì yín sórí fláàṣì mìíràn kí ẹ tó tẹ Install. Bí Wi-Fi bá kọ̀, ẹ fi wáyà so fóònù mọ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tan USB tethering kí láptọ́ọ̀pù lè lo dátà fóònù, kí ẹ wá ṣí Driver Manager; ibẹ̀ ni ẹ ó ti rí dráífà tó kù.